Táyà Oníràwọ̀

Lójú ọ̀nà tó ti Ìtóìkín wọ Ẹ̀pẹ́, ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì kí wọ́n tó júwe ọ̀dọ̀ Abraham Fọkanáísà fún un. Ìlàjẹ ni Abraham, ọmọ apẹja. Abúlé orí omi ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n omi kò bá a lára mu rárá. Bàbá rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé nínú gbogbo ìran àwọn, ọmọ òun nìkan ni èébì ń gbé nínú ọkọ̀ ojú omi. Bó ṣe kó wá sórí ilẹ̀ nìyẹn, tó kọ́ iṣẹ́ táyà, tó sì ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ nídìí rẹ̀. Á fi àtàńpàkò tẹ táyà, á gbóòórùn rẹ̀, á sì sọ fún ọ bóyá yóò gbé ọ dé Ọjà Olúwo kó sì gbé ọ padà, tàbí kí o tètè wá òmíràn. Àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹja lọ sí Ìkòròdú kì í ra táyà tòkunbọ̀ láìjẹ́ pé ó bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń gbéra ga díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn, ká má sì bò ó.

Ohun kan wà tó kórìíra, ìyẹn táyà oníràwọ̀. Lára àwọn táyà tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, àwọn kan wà tí wọ́n ya òkè kékeré kan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí nǹkan bí ìràwọ̀ sì wà láàárín òkè náà. Rọ́bà wọn máa ń rọ̀. Ẹni tó bá fi wọ́n sáré lọ́sàn-án gangan lójú títì Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́, kò ní í pẹ́ tí wọn yóò fi jẹ tán, tàbí kí wọ́n bẹ́. Ọkọ̀ ẹlẹ́ja méjì ni Abraham rí tó takìtì nítorí wọn. Láti ìgbà náà ló ti ń wí i fún tọmọdé tàgbà pé táyà oníràwọ̀, táyà ikú ni. Ìníolúwa, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè kà á lórí bí ẹsẹ Bíbélì.

Ìníolúwa nìkan ni ọmọ tí Abraham àti Rachael, ìyàwó rẹ̀, bí. Ó kàwé, ó di ẹnjiníà, ó fẹ́ Tiwaladé, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìkòròdú, àwọn méjèèjì sì kó lọ sí Kánádà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ọmọbìnrin wọn, Ìtẹ́olúwa. Ibẹ̀ náà ni Ìníolúwa ti ra ọkọ̀ asáré kan nígbà ooru, ọkọ̀ pupa tó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó wọ inú rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń bú bí ẹkùn. Ó ti ń wù ú láti kékeré. Rachael gbàdúrà lé àwòrán ọkọ̀ náà lórí. Abraham ní tirẹ̀, kò sí oníbàárà tó wá fẹ́ atẹ́gùn sí táyà tí kò fi àwòrán náà hàn, kódà ẹni tó ń kánjú.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, Ìníolúwa pe bàbá rẹ̀ lórí fídíò. Ó ní àwọn ará ibiṣẹ́ òun ń sọ pé ẹnikẹ́ni kì í fi táyà tó bá irú ọkọ̀ yìí wá wà á nínú yìnyín, pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni gbogbo agbára rẹ̀ wà, yóò sì máa yọ̀. Wọ́n ní kí òun pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tàbí kí òun gbé ọkọ̀ náà pamọ́ títí òtútù yóò fi lọ. Ṣùgbọ́n táyà tí wọ́n mú wá fún òun ní ṣọ́ọ̀bù, oníràwọ̀ ni. Ó ní kí Bàbá gba òun nímọ̀ràn.

Abraham ní kí wọ́n gbé fóònù sún mọ́ táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Ó wò ó yípo. Ojú táyà náà ṣì jin, kò sí ibi tó sán, ó sì fẹ̀ dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ òun má jẹ́ kí wọ́n ta ikú fún un, pé táyà tó rọ̀ ni wọ́n fẹ́ kó fi pààrọ̀ èyí tó le. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Òwe gidi ni. Àmọ́ ẹni tó jókòó sí Ẹ̀pẹ́ kò rí Kánádà, kò sì sí ẹni tó rán Abraham létí.

Ìníolúwa kò pààrọ̀ táyà. Yìnyín kọ́kọ́ ń bọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ jẹ́jẹ́. Ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sílé, ojú títì funfun bí ẹni pé àpò gaàrí tú dà sí i, imú ọkọ̀ pupa náà sì ń lọ láàárín rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní, òtútù mú lọ́jọ́ kan débi pé bọ́ọ̀sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Tiwaladé parí iṣẹ́ ní ọsibítù, ó sì pe ọkọ rẹ̀ pé kó wá gbé òun. Ìníolúwa fi ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó gbéra. Lórí afárá kan, ọkọ̀ náà yọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yí síwájú, ó sì lọ forí sọ irin ẹ̀gbẹ́ afárá. Kì í ṣe pé ó ń sáré, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ fẹnu ara wọn sọ bẹ́ẹ̀. Tiwaladé dúró sẹ́nu ọ̀nà ọsibítù fún wákàtí kan gbáko, ọsibítù náà ni wọ́n sì gbé òkú ọkọ rẹ̀ wá.

Kánádà tó kú sí ni wọ́n sin ín sí. Abraham àti Rachael kò lọ, nítorí òbí kì í rí sàréè ọmọ. Àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn ń sọ pé ikú odò ní í pa òmùwẹ̀, wọ́n rò pé eré àsápajúdé ló pa á. Rachael kò gbà. Ó ní ẹni tó pe ọmọ òun jáde nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀ ló pa á, òun kò sì fẹ́ rí Tiwaladé sójú mọ́ láyé òun.

Abraham ì bá gba ìyàwó rẹ̀ gbọ́, bí kì í bá ṣe pé Ọláníyọnu, ẹnìkan tó ń bá Ìníolúwa ṣiṣẹ́ ní Kánádà, tẹ̀ ẹ́ láago láti kí i. Ọkùnrin náà ń sunkún. Ó ṣàlàyé pé rọ́bà táyà ọkọ̀ náà, bí òtútù bá ti mú un, a máa le gbagidi bíi pákó, kì í lè di ilẹ̀ mú. Táyà tó rọ̀ nìkan ló ń di yìnyín mú, ìdí tí wọ́n fi ya ìràwọ̀ yẹn sí i lára nìyẹn. Ó ní àwọn bẹ Ìníolúwa títí.

“Ó ní òun ti bi ẹni tó mọ táyà ju gbogbo wa lọ, sà. Ó wù mí kí n mọ onítọ̀hún.”

Abraham ní òun náà kò mọ̀ ọ́n.

Irọ́ yẹn ló bá gbé fún oṣù mẹ́jọ. Ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá gbé táyà wá pé kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, á ní kó lọ bi ẹlòmíràn. Bí Rachael bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún Tiwaladé nílé, Abraham á dìde nídìí oúnjẹ, á jáde síta. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu òun ló máa gba ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Àmọ́ Rachael nìkan ló kù fún un láyé. Bó bá sọ ọ́, ojú wo ni yóò tún fi máa wò ó? Ẹ̀rù ló bà á, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn, ojú sì tì í.

Tiwaladé wá sílé nínú oṣù kẹsàn-án. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó kúrò nílé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìkòròdú, ó wá sí Ẹ̀pẹ́, ó wọ aṣọ dúdú, ó sì pọn Ìtẹ́olúwa, tó ti pé ọmọ ọdún méjì. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Rachael tú ọmọ náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e mọ́ra, ó sì ní kí ìyá rẹ̀ máa lọ.

“Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi nìyí, yóò dúró tì mí. Ìwọ tó pa bàbá rẹ̀, ilé yìí kò gbà ọ́.”

Tiwaladé kò jiyàn, kò sì dìde. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ń na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá rẹ̀. Abraham tó jókòó lórí àga wò wọ́n títí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

“Ìyá Ìní,” ó ní, “gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Èmi ni mo pa á.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀: ìpè orí fídíò, táyà oníràwọ̀, ẹ̀rín tó rín, àlàyé Ọláníyọnu, àti irọ́ tó pa fún un. Kò fi nǹkan kan bò. Nígbà tó sọ ọ́ tán, Tiwaladé ló kọ́kọ́ fọhùn.

“Mo mọ̀, Bàbá. Èmi ni mo di fóònù mú nígbà tí ẹ ń wo táyà náà.”

Rachael yíjú sí i. Ó bi í pé kí ló dé tó fi gbọ́ gbogbo èpè yẹn tí kò wí nǹkan kan.

“Màmá, Ìní kò ní í dárí jì mí tí mo bá fi bàbá rẹ̀ sùn yín.”

Rachael gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò gbójú sókè nígbà tó bi ọkọ rẹ̀ ní ẹyọ ìbéèrè kan.

“Bàbá Ìní, nígbà tí ẹ sọ fún un, ṣé ó bá yín jiyàn?”

“Rárá,” ni Abraham wí. “Ó ní, ‘Ẹ ṣé, Bàbá mi. Ọkàn mi ti balẹ̀.’”