Bọ́tìnnì Ni Àna Mi Fi Ń Rajà

Òórùn fínígà àti aáyù ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé ọmọ mi ọkùnrin ní Newton Heath, nílùú Òyìnbó. Kí n tó gbàdúrà òwúrọ̀ tán, ìyàwó wa, ọmọ Cebu ní Philippines, á ti dín ẹja, òjò á sì máa rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára fèrèsé. Ìyá tó bí i ló ń dín in fún, ìyá náà kì í sì í jẹ ẹ́. Ọpọlọ rẹ̀ ti ń yẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ ti lọ, èdè ìlú rẹ̀ nìkan ló kù. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un lọ́fẹ̀ẹ́, á tì í dànù, bí ẹni pé alágbe ni wọ́n pè é. Egungun èjìká rẹ̀ ti yọ ṣonṣo bí ìkọ́ aṣọ.

Bí ọmọ mi àti ìyàwó wa bá ti lọ síbi iṣẹ́, èmi àti àna mi yìí la máa ń kù sílé. Mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá gbé báàgì ọjà wọlé, á tọ́ka sí i, á ní, “Tagpila ni?” Mo bi obìnrin Cebu kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ nítòsí ilé wa. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Èló ni, ló ń bi yín, Màmá. Ẹ ò tíì dá a lóhùn látọjọ́ yìí?”

Òun ló kọ́ mi. Bí mo bá ti ń ṣa ọjà ni màá máa wí tẹ̀lé e: barato, ọ̀pọ̀ ni, mahal kaayo, ó ti wọ́n jù. “Ẹ tún un wí! Ahọ́n yín le ju ẹja mi lọ!” Gbogbo sọ́ọ̀bù á máa rẹ́rìn-ín. Kò dùn mí. Èmi tí mo ta ọṣẹ àti iyọ̀ ní Ṣágámù, lówó àti láwìn, ẹ̀rín wo ni n kò tíì gbọ́?

Lọ́jọ́ kejì, mo to ẹja tí ìyàwó wa dín sórí tíréè, mo jókòó tì í. Àna mi dé. “Tagpila ni?” Mo na ìka mẹ́ta sókè. “Mahal kaayo!” Ó bú mi láti orí dé ẹsẹ̀, ó yínmú sí ọjà mi. Mo dín ìka kan kù. Ó já bọ́tìnnì kan lára súwẹ́tà rẹ̀, ó là á mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bu díẹ̀ lé e ní èènì bí a ti ń ṣe nílé. Èènì yẹn ló kọ́kọ́ jẹ, lórí ìdúró, kó tó jẹ ìyókù tán. Nírọ̀lẹ́, mo fi abẹ́rẹ́ rán bọ́tìnnì náà padà mọ́ súwẹ́tà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń kún bọ̀.

Ọjọ́ kan ni ìyàwó wa tètè dé. Ìyá rẹ̀ ń pariwo lé mi lórí, “Kawatan!” Olè nìyẹn, bí oníbàárà ṣe ń bú ọlọ́jà. Súwẹ́tà ìyá ṣí sílẹ̀, bọ́tìnnì ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣàlàyé títí, kò gbọ́.

“Ìyá mi ń kú lọ, ẹ wá ń fi ṣeré ọjà?”

Nígbà tí ọmọ mi, tí mo pọ̀n sẹ́yìn, dé, ilẹ̀ ló ń wò. “Màmá, ẹ fi ìyá yẹn sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́.”

Láti ìgbà náà, ṣíbí ni. Ìyàwó wa á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ mú, ìyá á pa eyín dé, ọbẹ̀ á máa ṣàn sí i lọ́rùn. Láti yàrá mi ni mo ti ń gbọ́ ọ: “Tagpila? Tagpila?” Bí mo bá yọjú, ìyàwó wa á ní, “Ṣé ẹ tún fẹ́ bọ́ ọ síhòòhò ni?”

Nígbà tí ó dákú, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Ètè àna mi ti là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ó rí mi. “Tagpila ni?” Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. Ó gbọ́wọ́ sáyà, ó ń wá bọ́tìnnì. Aṣọ ọsibítù kò ní bọ́tìnnì, okùn ni wọ́n fi ń dì í lẹ́yìn. Ó wá a, wá a. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó kọjú sí ògiri.

“Ẹ rí i?” ìyàwó wa wí. “Ẹ̀rù yín ń bà á.”

Ó kú kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.

Mo ṣì ń lọ sí sọ́ọ̀bù yẹn, ahọ́n mi kò le mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ kò ju ti ẹni tó ní nǹkan tó lè fi san lọ. Èmi tí mo ta àwìn fún odindi àdúgbò, n kò bèèrè bí wọ́n ṣe ń sọ lédè àna mi pé, “Máa mú un lọ, wàá san án tó bá yá.” Ẹni tó rajà láwìn kì í ṣe alágbe, ojú kì í tì í láti jẹun. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó bi obìnrin ọlọ́jà náà. Ó ní utang ni wọ́n ń pe àwìn. Ọ̀rọ̀ kékeré báyìí. Mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí n bá sọ ọ́ fún ló ti lọ.