Ẹjọ́ La Dá Dúró

Eérú ni ìyá àgbà ń fi pa ojú èbù iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé nígbà tí bàbá kékeré, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, yọ sí wa lẹ́nu ọ̀nà. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, òórùn ilẹ̀ tútù gba gbogbo àgbàlá. "Ìyàwó, má kó ìyẹn lọ sóko ẹ̀gbọ́n mi o. Èmi ni mo ni ilẹ̀ yẹn báyìí." Oko yẹn ni ìyá àgbà fi ń bọ́ wa.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà agboolé jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Olórí ẹbí wá túnra mú, ó ní, "Ẹjọ́ ilẹ̀ yìí di ìdádúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbin nǹkan kan síbẹ̀ títí a ó fi tún jókòó."

Mo rò pé a ti jẹ̀bi nìyẹn.

"Rárá o," ìyá àgbà dá mi lóhùn. "Ọbẹ̀ tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ni. A ò tíì jẹ ẹ́, a ò sì dà á nù."

Èbù kò kúkú mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀. Ìyá àgbà tọrọ ilẹ̀ péńpé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́nà Òkèhò, ó gbin ìwọ̀nba tó gbà. Ìyókù jẹrà lójú wa. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ju òkúta sórí páànù bàbá kékeré. Àfi bí ìyá àgbà ṣe bu oúnjẹ bàbá kékeré sáwo nírọ̀lẹ́, bó ti máa ń ṣe látẹ̀yìn wá.

"Ìyá àgbà! Ẹni tó gba oko mọ́ wa lọ́wọ́?"

"Ẹjọ́ la dá dúró. Ta ló ní ká dá oúnjẹ dúró? Gbé e lọ jàre, kí o sì kúnlẹ̀ dáadáa."

Bàbá kékeré dá a padà, kò tilẹ̀ ṣí i wò. Lọ́jọ́ kejì, mo tún gbé e lọ, mo kúnlẹ̀, mo fajú ro. Nígbà tó yá, ó ń jẹ ẹ́. Ó tiẹ̀ máa ń ní kí n bá òun kí ìyàwó òun.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ìyá àgbà ló ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyàwó, lọ gbin iṣu rẹ."

"Ẹ dìde ná, ọkọ mi, kí ẹ wá sọ ọ́ lójú àwọn àgbà."

Kò dìde mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà jókòó, wọ́n dá oko padà fún wa. Èmi ń yọ̀ ní tèmi, ìyá àgbà bú sẹ́kún. "Ẹ̀yin ti parí ẹjọ́. Ta ni n ó wá máa gbé oúnjẹ fún?"

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ilé bàbá wa gbé dé kóòtù. Adájọ́ ti dá ẹjọ́ náà dúró ná. Lọ́yà mi ní n kò gbọdọ̀ bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Lọ́yà kò mọ ìyá àgbà. Àràárọ̀ ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, kì í gbé e. N ò ní purọ́, lọ́jọ́ mìíràn mo máa ń fẹ́ kó má gbé e.

Láàárọ̀ àná, ó gbé e. Kò fọhùn, àmọ́ kò pa á. Mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí títí káàdì mi fi tán.