Orin Tí Wọ́n Fẹ́ Gbé Lọ Sójú Sánmà

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìyànà Iyesi, tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí mi, mo ti ń fura sí i kó tó jókòó. Iṣẹ́ mi ni pé mo ń kó orin sórí mẹ́mọ́rì káàdì fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ láti àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ṣàngó, fún ọlọ́kadà, fún télọ̀. Orin olórin ni, mi ò ní í parọ́. Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà kan wọ ọ̀dọ̀ ẹni tá a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ládùúgbò. Ó ní kó kó orin fún òun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́músẹ́. Àṣé agbófinró ni! Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé kọ̀mpútà ọkùnrin náà lọ, kò sì rí i gbà títí dòní. Kọ̀mpútà tèmi, oko bàbá mi ni ìyá mi tà ní Ìsẹ́yìn kí wọ́n tó rà á fún mi. Bí wọ́n bá gbé e, oúnjẹ mi ti tán nìyẹn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Nígbà tí ọmọbìnrin kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó rẹ́rìn-ín, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," mo yí ojú kọ̀mpútà mi sí ògiri. Ó ní yunifásítì lòun ti ń bọ̀. Ó ní àwọn ń ṣa orin jọ, díẹ̀ péré, tí wọ́n máa kó sínú ẹ̀rọ kan tó ń lọ sójú sánmà, kọjá òṣùpá, pé bí ẹ̀dá kan bá wà lọ́hùn-ún, kó lè fi mọ bí ọmọ èèyàn ṣe rí.

"Àwọn wo ló wà lọ́hùn-ún?" ni mo bi í.

"A ò tíì mọ̀, sà."

"Ẹ ò mọ̀ wọ́n, ẹ wá ń fi orin ránṣẹ́ sí wọn. Ṣé wọ́n bẹ̀ yín ni?"

Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nínú gbogbo orin tó wà lórí kọ̀mpútà yín yìí, èwo lẹ máa mú?" Háà! Ẹ ò rí ọgbọ́n? Kí n fẹnu ara mi ka ẹ̀ṣẹ̀ mi fún un. Mo ní mi ò ní orin kankan. Ó wo pátákó tí mo gbé síta, tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ORÍṢIRÍṢI ORIN sí, ó wá wojú mi. Mo ní ẹni tó lo ṣọ́ọ̀bù náà ṣáájú mi ló ni pátákó.

Kò bínú. Ó ní orin inú ilé gan-an lòun ń wá, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tà rí. Ìgbà náà ni mo rántí ohùn kan tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Orin tí wọ́n máa ń kọ bọ̀ láti oko nígbà tí mo wà ní kékeré ni. Mo ní kó gbọ́ ọ, kó lè tètè máa lọ.

"Ta ló wà nílé o? Ta ló wà nílé?" Ohùn náà á dákẹ́. "Mo ru iṣu bọ̀, ta ló wà nílé?" Á tún dákẹ́.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọmọbìnrin náà. Ó ní orin yìí lòun fẹ́, ṣùgbọ́n àfi kí ìyá mi fọwọ́ sí i. Ni mo bá bọ́ síta, mo pè wọ́n.

Èmi tí mo pe ara mi ní onífura, mi ò tó nǹkan kan lọ́dọ̀ ìyá mi. "Sánmà wo? Ta ló rán wọn? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ohùn mi ṣe?" Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní nítorí kọ̀mpútà ni, kí agbófinró má baà gbé e.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo rà á, ohùn mi náà lo tún fi ń rà á padà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

"Kí wọ́n máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo lé orin yẹn, kò sẹ́ni tó gbè é. Àwọn tó bá gbọ́ ọ lọ́hùn-ún á ní mi ò bímọ. Ó yá, gbè é."

Mo wọlé padà. Ọmọbìnrin náà tan ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ìyá mi lé orin lórí fóònù, mo sì gbè é bí mo ṣe ń gbè é ní kékeré: "Mo wà nílé o, ìyá, mo wà nílé." Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn mi. Àwọn kọ̀ndọ́ ń pariwo, "Ṣàngó! Ṣàngó! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!"

"Àwọn ará òkè yẹn lè gbà ọ́ gbọ́," ni ìyá mi wí. "Wọn ò mọ Ìsẹ́yìn, wọn ò sì mọ ìgbà tó o débẹ̀ kẹ́yìn." Wọ́n pa fóònù.

Ọmọbìnrin náà ní kí n má dààmú, àwọn lè yọ ariwo kọ̀ndọ́ kúrò. Inú bí mi. Mo ní, "Irọ́ ńkọ́? Ṣé ẹ lè yọ ìyẹn náà?" Mo ní kó pa á rẹ́, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo fi aṣọ wé kọ̀mpútà, mo gbé e lé itan nínú mọ́tò títí a fi dé Ìsẹ́yìn, torí mi ò tíì gbà pé ọmọbìnrin yẹn kì í ṣe agbófinró. Ilẹ̀kùn ìyá mi wà ní títì. Wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, wọn ò ṣí i.

"Ta nìyẹn?"

Mi ò dárúkọ. Mo gbe orin náà.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́.