Ohun Tí Mo Gbọ́ Nínú Àjà Ilé Màmá

Gbogbo ẹni tó bá pè wá síṣẹ́ nígbà náà, òórùn ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní ilé ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká pamọ́ kó tó gbẹ, tàbí bí abẹ́ ẹní tí ọmọdé tọ̀ sí. Ọ̀gá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fa afẹ́fẹ́ símú, á ní, "Kai, ó ti wọ inú ihò lọ." Èmi náà á mi orí. Irọ́ ni mo ń pa. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, imú mi kò gbọ́ òórùn mọ́. N kò gbọ́ ti epo tó ń yọ́ lórí iná, n kò gbọ́ ti ọṣẹ, n kò gbọ́ ti òjò. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí lójú mi kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn máa ráhùn lé lórí.

Iṣẹ́ wa ni kí a máa gbá ihò atẹ́gùn inú àwọn ilé àtijọ́. Láyìíká Jos, àti lójú ọ̀nà Vom, àwọn òyìnbó tó wá wa kùsà kọ́ àwọn ilé kan tí ẹ̀rọ ńlá wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rọ yẹn ló máa ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú páìpù onípáànù tó wà lókè àjà, tí atẹ́gùn á sì gba ojú asẹ́ onírin lára ògiri wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó lọ, àwọn mìíràn ra ilé, ẹ̀rọ darúgbó. Eku àti àdán sọ páìpù di ilé. Nígbà òjò, tí Jos lè má rí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, omi á dúró sínú rẹ̀, ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu á sì hù síbẹ̀. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, àyà àwọn onílé ló máa fẹ́ ẹ lọ. Àwa á tú asẹ́, a ó gé ojú páìpù, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn ha inú rẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn á sì máa fa ìdọ̀tí náà mu láti ìdí. Lẹ́yìn náà la ó wá ibi tí omi ń gbà wọlé. Ẹni tó bá gbá ihò láìdí ojú omi, agbọ̀n ló fi ń pọnmi.

Ọkọ mi àti ọ̀gá mi ni wọ́n jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ni ọkọ mi ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́rin, ó sì kú. Nígbà tí a ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán, ọ̀gá mi, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Plateau, tó sì máa ń fi Hausa bá wa sọ̀rọ̀ bí gbogbo ará ìlú, wá jókòó sí pálọ̀ wa ní Tudun Wada. Ó ní iṣẹ́ ń dúró, kò sì sí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó láti wọ àjà bí i ti ọkọ mi. Mo ní èmi á wọ̀ ọ́. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ní òun á lọ pọnmi. Ìyá mi ká ọwọ́ lérí. "Opó tí kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, àjà lo fẹ́ gùn?" Ṣùgbọ́n àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní akin obìnrin ni mí, ẹnìkan tilẹ̀ fi mí jẹ́rìí níwájú ìjọ. Èmi náà gbà wọ́n gbọ́. Mo ń rìn kiri bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. N kò tíì mọ̀ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú lè di ẹyin iná mú láìké, kí ó má sì jẹ́ pé ó ní ìgboyà.

Oṣù kẹjọ ni wọ́n pè wá sí ilé ìyá àgbà kan tí a ń pè ní Màmá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló pè wá, ẹni bí àádọ́ta ọdún tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Ilé olókùúta ni, lójú ọ̀nà Vom, òrùlé rẹ̀ ti jẹ́ pupa nígbà kan rí. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó ti wá bá ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé àwọn awakùsà, tó sì ra ilé náà nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń lọ. Láti ìgbà tí ọkọ náà ti kú, Màmá nìkan ló kù síbẹ̀. Ó fi Hausa kí ọ̀gá mi, ó wá kọjú sí mi.

"Ìwọ lo máa gun òkè?"

"Èmi ni, mà."

"Níbo nílé?"

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá ìyá mi ti wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, mà. Jos ni wọ́n bí ìyá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí."

"Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Yorùbá tó dé fìlà Hausa." Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Ó wúkọ́ títí tí ọmọ rẹ̀ fi sáré dé, tí ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Mo wo ojú ọkùnrin náà, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Mo rí i bí ẹni tó ń wo àwòrán lára kàlẹ́ńdà.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní a kó ìtẹ́ eku jáde, ìgbẹ́ àdán kún àpò méjì, a tún rí egungun ẹyẹ kan tó ti gbẹ. Èyí tó burú jù ni fóòmù tí òyìnbó tẹ́ sínú páìpù tó lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ó ti mumi yó, ó dúdú bí èédú. Bí mo ṣe fi ọwọ́ kàn án ni ó ń já bí ẹ̀kọ tútù.

Lọ́jọ́ kejì, mo dùbúlẹ̀ nínú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ìbòmú mi, mo ń ha ìdí páìpù ńlá tí gbogbo ìyókù ti ya. Ọ̀gá mi wà níta nídìí ẹ̀rọ, ó ti pa á kó lè tú àpò rẹ̀ dànù. Gbogbo ilé dákẹ́. Ni mo bá ń gbọ́ ohùn. Wọ́n ní ògiri létí. Àjà ilé yẹn ní ẹnu. Ọmọ Màmá wà ní yàrá tó kángun, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀ lórí fóònù, gbogbo rẹ̀ sì ń gba inú páìpù wá bá mi ketekete.

"Wọ́n ti ń gbá a, àǹtí. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé màá ní ká lọ sí Àbújá fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Kò ní padà mọ́. Ẹni tó fẹ́ ra ilé ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì." Ó fetí sí èsì. "Rárá, n kò lè sọ fún un. Ẹ ò gbọ́ ikọ́ yẹn ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan pé wọ́n bá a nílẹ̀." Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń sunkún, àgbà ọkùnrin, ó ń pa á mọ́ra kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́. Mo dúró títí ó fi parí. Mo wá ń ha páìpù mi lọ.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án, Màmá ti se pòtétò àti ẹyin dè mí ní kíṣìnnì. Ó ní kí n fọ ọwọ́, kí n jókòó. Ó jókòó síwájú mi, ó ń bó èèpo pòtétò tirẹ̀.

"Kí ni ọmọ mi ń sọ nínú yàrá láti àárọ̀? Etí mi kò mú un látinú ihò mọ́."

Mo lè ní n kò gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó ní làákàyè á sọ bẹ́ẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́; mo mọ òwe yẹn láti kékeré. Ṣùgbọ́n irọ́ gba kéèyàn ronú, kó káàánú ẹnìkan, kó bẹ̀rù nǹkan kan. N kò ní ọ̀kankan níbẹ̀.

"Ó ní òun á mú yín lọ Àbújá lọ́jọ́ Sátidé, mà. Ó ní ẹ ò ní padà mọ́. Ẹnìkan fẹ́ ra ilé." Mo bu pòtétò jẹ.

Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wò mí pẹ́.

"O sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka orúkọ ọjọ́. Ta ló kú fún ọ?"

"Ọkọ mi, mà. Nígbà ọyẹ́."

"O ti sunkún?"

"Rárá, mà."

Kò kí mi ní pẹ̀lẹ́. Kò ní Ọlọ́run á tù mí nínú. Ó fi ọ̀bẹ tọ́ka sí asẹ́ tó wà lókè ààrò. "Nígbà tí ọkọ mi ń lọ, yàrá tó kángun ló dùbúlẹ̀ sí. Ibí yìí ni mo ń jókòó sí, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ látinú ihò yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìgbà tó dákẹ́. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ kó má baà jóná, mo bu iyọ̀ sí i. Ó pẹ́ kí n tó padà sínú ara mi." Ó fi pòtétò sẹ́nu. "Lọ pe ọmọ mi wá."

Mo lọ pè é. Ọ̀gá mi náà tẹ̀ lé wa wọlé, ó rò pé oúnjẹ ti délẹ̀. Màmá ní, "Ọmọ yìí ní o fẹ́ mú mi lọ, tí n kò ní padà."

Ọkùnrin náà yíjú sí mi. "Ihò la pè yín fún! Ihò, madam!"

"Haba!" Ọ̀gá mi di orí mú. "Haba, madam!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Màmá wí. "Èmi ni mo bi í."

Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ má bínú, Màmá. Bí fóònù bá ti dún láàárọ̀ báyìí, ọkàn mi á já. Mo ti bẹ̀ yín títí."

"O bẹ̀ mí, mo ní rárá. Ṣé nítorí mo ní rárá lo ṣe fẹ́ jí mi gbé?"

 Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Èmi ń wo èèpo pòtétò lórí tábìlì, mo ń rò ó bóyá kí n kó o dànù. Màmá wá pè mí.

"Ìwọ tí o kò lè purọ́. Tí ẹ bá gbá ihò yìí tán, ṣé mo lè máa gbé ibí?"

Ojú ọ̀gá mi ń bẹ̀ mí. Mo mọ èsì tó ń fẹ́, nítorí gbogbo oníbàárà la máa ń sọ ọ́ fún: ilé yín ti di tuntun. Mo ní, "Ihò á mọ́, mà. Ṣùgbọ́n òrùlé ẹ̀yìn ti jẹrà, omi ń gba ibẹ̀ wọnú ògiri. Wọ́n lè lẹ̀ ẹ́, á tún jò. Kí òjò tó ń bọ̀ tó tán, nǹkan náà á ti hù padà. Bó bá jẹ́ ìyá mi ni, n kò ní jẹ́ kó sùn níbí."

Màmá nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. Ó wò yíká kíṣìnnì, ó wo ààrò, ó wo fèrèsé tí kò lè tì dáadáa mọ́.

"Ó dáa. Tí òjò bá dáwọ́ dúró, màá lọ. Kì í ṣe Sátidé. Èmi ni màá di ẹrù mi. Màá dágbére fún ìjọ, màá sì dé ibojì bàbá rẹ. Tí mo bá ṣe tán, màá fi ẹsẹ̀ ara mi jáde."

Ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí eruku iṣẹ́ wa bò. Nígbà tó dìde, gbogbo iwájú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti dúdú, kò sì gbọ̀n ọ́n.

Nínú ọkọ̀, lẹ́yìn tí a kọjá Bukuru, ni ọ̀gá mi tó yíjú sí mi. Ó wá ní, "Ohun tí a bá gbọ́ nínú ihò, inú ihò ló ń gbé." Mo ní, "Toh." Èmi náà rò pé òótọ́ ló sọ.

A padà lọ yọ fóòmù náà, wọ́n sì lẹ òrùlé fún ìwọ̀nba ìgbà. Lóṣù kọkànlá, Màmá fi fóònù pè mí pé kí n wá bá òun dí ojú àwọn asẹ́ kí àdán má baà wọlé. Àpótí rẹ̀ mẹ́ta ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi okùn dì wọ́n. A jọ lọ láti yàrá dé yàrá. Bí mo bá ti dí asẹ́ kan, òun á ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó kù ti kíṣìnnì, ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì rìn lọ sídìí ọkọ̀, kò fi ara ti ẹnikẹ́ni. Mo juwọ́ sí wọn. Inú mi kò bàjẹ́, kò sì dùn.

Ó lé lọ́dún kan kí n tó sunkún. Imú mi ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Níwájú obìnrin kan tó ń ta tòmátò ni ẹkún náà ti bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe ń yan án, láìsí ohun tó fà á. Obìnrin náà gbé àpótí fún mi jókòó, ó ní, "Yi hakuri," pé kí n ṣe sùúrù, ó sì ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ.

Màmá lo ọdún mẹ́ta ní Àbújá. Ọmọ rẹ̀ ló pè mí nígbà tó kú. Lẹ́yìn tí mo kí i tán, ó bi mí bóyá ilé yẹn ló pa á, bóyá ì bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní òun tètè mú un kúrò, tàbí ká ní òun kò mú un kúrò rárá. Mo ní n kò mọ̀, sà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lónìí èmi náà ti di ọ̀gá. Àwọn obìnrin méjì ń bá mi gun àjà, mo sì ti kọ́ wọn pé kí wọ́n má sọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ lókè. Àwọn tó mọ̀ mí ní ara mi ti yá, òótọ́ sì ni. Mo ti mọ bí a ṣe ń káàánú ènìyàn, mo mọ bí a ṣe ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà dun ẹnìkan. Nígbà mìíràn mo máa ń gbé ara mi padà sí kíṣìnnì yẹn bí mo ṣe wà báyìí, kí Màmá tún bi mí ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ. Mo mọ̀ pé màá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, màá ní n kò gbọ́ nǹkan kan, mà, ẹ̀rọ ń pariwo. Lọ́jọ́ Sátidé wọn ì bá sì mú un lọ, kó máa rò pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni.