Ọjọ́ Tí Màmá Mi Fún Jésù Lómi

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí màmá mi já wọ inú eré ìjìyà Jésù ní ìlú Rowlett. Aǹtí Liza, ará Philippines tó ń bá Màmá ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló pè wá wá wo eré wọn. Mo bi Aǹtí Liza pé kí ló dé tí àwọn ọmọ ogun ń yan, tí Jésù ń rìn bí ìgbín. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹni mímọ́ kì í kánjú lórí ìtàgé.

Màmá ò gbọ́ ohun tó sọ. Nígbà tí Jésù ṣubú nínú oòrùn, tí kò tètè dìde, Màmá gbé omi, ó sáré bá a.

"Sà, ẹ mu omi!"

Jésù la ojú kan. "Eré ni, mà."

"Ẹ ṣáà mu ún."

Ó mu ún.

Lọ́dún yìí, wọ́n ní kí Màmá wá ṣe obìnrin tó nu ojú Jésù, kó ṣáà rọra rìn. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì wo ló ń rọra lọ bá ẹni tó ṣubú?"