Ìkó Ìdí Àbẹ̀kẹ́

Èmi ò fẹ́ràn ẹyẹ. Kí n ti sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìfẹ́ ẹyẹ ló ń pa mí. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí. Nílé tiwa, ohun tó bá ti ní ìyẹ́ lára, ọbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n yàrá èmi àti ti Fọláhànmí kọjú síra wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilé kan ní ọ̀nà Oda, l'Ákùúrẹ́, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ kò ṣeé gbé mì.

Ọmọ Oǹdó ni Fọláhànmí. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe l'Alágbàká, ní ọ́fíìsì ìjọba tí èmi náà ti ń to fáìlì. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Kíkẹ́lọmọ, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Kánò, ọmọ ọ̀hún ò sì mọ̀ pé èèyàn lè kọ lẹ́tà sí ìyá. Èmi fi ọdún díẹ̀ ju Fọláhànmí lọ, ìdí nìyí tó fi ń pè mí ní Àǹtí, tí mo sì máa ń bá a wí bó ṣe wù mí. Kì í pariwo. Bí ẹ bá gbá a létí, òun ló máa kọ́kọ́ bèèrè bóyá ọwọ́ ń dùn yín. Irú wọn ni àwọn ẹbí máa ń fẹ́ràn gan-an.

Ayé Sáàpù la wà nígbà náà, tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú fún ìgbànú mọ́ra. Ẹni tó bá rí búrẹ́dì jẹ láàárọ̀, kì í nu ẹnu kó tó jáde, kí aráyé lè rí i. Àwọn ọ̀gá wa gbé mọ́tò wọn lé òkúta, wọ́n wá ń wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú wa, wọ́n á kọjú sí fèrèsé kí a má baà kí wọn. Iyọ̀ wọ́n, ọṣẹ wọ́n, mílíìkì di ohun àlejò. Oyè nìkan ni kò wọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì ń fi èèyàn jẹ oyè, ẹgbẹ́ awakọ̀ ń fi jẹ, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé torí ìsìnkú ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, àwọn náà ń fi jẹ. Ẹni tí kò rí owó oṣù gbà, á jí lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, á di olóyè kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Àárín ìyà yìí ni Fọláhànmí wá sọ fún mi pé òun fẹ́ ra odídẹrẹ́.

Mo ní, "Ṣé ìwọ gan-an ti jẹun yó tán ni, tó wá ku ti ẹyẹ?"

Ó ní, "Àǹtí, ó ti sú mi láti máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi lọ s'Óǹdó ká lọ yàn án."

Mo bá a lọ. N kì í fẹ́ kí ìranù ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi.

Akíntóyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló mú wa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹyẹ. Pákó ni Akíntóyè ń tà l'Óǹdó kí pákó tó sá fún un. Kò sí ohun tí kò mọ̀, ohun tó ṣe é ni pé kò mọ èyí tó lè fi jẹun. Ẹyẹ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìdí ni Akíntóyè ń wò ní tirẹ̀. Ó nàka sí èyí tó tóbi jù, tí ìkó ìdí rẹ̀ pọ́n yòò, tó ń wí pé "Ẹ káàbọ̀ sà" fún gbogbo ohun tó bá kọjá, títí kan ewúrẹ́. "Fọlá, èyí ni ẹyẹ. Ẹyẹ ọlọ́lá nìyí."

Fọláhànmí mú ẹyìn kan jáde nínú báàgì, ó nà án sí ẹlẹ́nu-dídùn yẹn. Ẹyẹ náà já a gbà, ó jù ú sílẹ̀, ó tún ní "Ẹ káàbọ̀ sà." Ìkejì kọ̀yìn sí wa. Ẹ̀kẹta wà ní igun, kò ní ìkó kankan nídìí, nítorí ẹni tó ń tà á ti tu gbogbo rẹ̀ tà fún àwọn tó ń jẹ oyè. Èyí wo Fọláhànmí, ó wò ó, ó wá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ gba ẹyìn náà, ó jẹ ẹ́ dé èkùrọ́, ó nu ẹnu rẹ̀ mọ́ wáyà, ó sì tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ pé kí ó họ òun lọ́rùn. Fọláhànmí wo ihò imú rẹ̀ bóyá ó gbẹ, ó wo ojú rẹ̀ bóyá ó mọ́, ó ní kó fi ẹsẹ̀ di òun níka mú. "Eléyìí ni," ó wí.

Akíntóyè rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Odídẹrẹ́ tí kò ní ìkó? Kí ló wá fi yàtọ̀ sí ẹyẹlé?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ìkó á hù," ni Fọláhànmí fèsì. "Ìwà ni kì í hù."

Ó sọ ẹyẹ náà ní Àbẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá akọ ni àbí abo, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọn lórí. Gbogbo ilé ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa ń jẹ gàrí, ẹyẹ ń jẹ ẹ̀pà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá ti kọjá sí ẹ̀yìn Àbẹ̀kẹ́, á han, á já lulẹ̀ nínú àgò, á máa gbọ̀n. Ara rẹ̀ ò tíì gbàgbé ẹni tó tu ú. Fọláhànmí ò fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ rárá. Láràárọ̀ á pa ẹ̀pà fún un, á máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gun apá rẹ̀ dé èjìká, tó ń sùn sí i lọ́rùn. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o" ló sọ, nítorí ohun tí Fọláhànmí ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn. Mo rí obìnrin yìí tó ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, ó sì pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀.

Ìkó sì hù. Ó pọ́n ju ti ẹyẹ ọlọ́lá lọ.

Kí ló kù tí Akíntóyè ò ní ṣe? Orúkọ ọmọ ní ń ro ọmọ. Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò rẹ̀ fẹ́ fi í jẹ Májẹ̀óbàjẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń gba ilé gbé. Kò sí ìlú tí oyè ẹgbẹ́ onílé ti gba ìkó, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ní fìlà òun ò ní wà lásán. Ó gbé iṣu wá s'Ákùúrẹ́, ó dúró níwájú àgò, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n." Ẹni tó pè é ní ẹyẹlé lọ́jọ́sí.

Fọláhànmí ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, lọ́dọọdún ni ẹyẹ ń pààrọ̀ ìyẹ́. Bó bá já fúnra rẹ̀, tiyín ni. Bí a bá fi ọwọ́ tu ú, kò tún ní gba èèyàn gbọ́ mọ́ láyé, èmi náà ò sì ní ẹlòmíràn nínú ilé."

Akíntóyè bá tirẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹbí dé. Bàbá Ayọ̀dèjì, àbúrò bàbá wọn, ló ṣáájú, àwọn obìnrin mélòó kan tẹ̀lé e, Akíntóyè fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́yìn bí ọkọ ìyàwó. Bàbá nu ẹnu, ó ní, "A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ó wù wá, a fẹ́ já a."

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. Ìkó ni wọ́n wá tọrọ bí ẹni tọrọ ọmọge. Wọ́n tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Bàbá ṣàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, gbogbo wọn ṣe àmín, èmi náà ṣe é, ká tó rántí pé ìdí odídẹrẹ́ ọ̀hún ni wọ́n wá tu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sú mi, mo ní ṣé wọn ò lè lo ìyẹ́ àkùkọ ni. Bàbá bèèrè ibi tí mo ti wá. Mo ní Ìkàrẹ́. Ó ní, "Ẹn-ẹn," ó sì kọjú sí ibòmíràn.

Fọláhànmí kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti dá ọjọ́, wọ́n ti háyà kánópì. Ó ní kí wọ́n má bínú. Ni wọ́n bá ní ó dáa, wọ́n ti gbọ́, ṣùgbọ́n àbúrò olóyè gbọ́dọ̀ wá dáná. Àbẹ̀kẹ́ kì í sì í jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí Fọláhànmí bá lọ s'Óǹdó fún ọjọ́ mélòó kan, dandan ni kó gbé e dání. Ó sọ ọ́ jáde níwájú wọn. Akíntóyè dìde, ó na ọwọ́ sókè. "Mo fi ibojì ìyá wa búra, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ẹyẹ rẹ."

Fọláhànmí gbà á gbọ́. Ìyá kan náà ló bí wọn.

Lọ́jọ́ ìwúyè, ẹ̀yìnkùlé la wà, èmi pẹ̀lú rẹ̀, à ń din ẹran. A kàn gbọ́ ohùn Àbẹ̀kẹ́ látinú yàrá. Kò han bí ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ: ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ohùn náà ń ga sí i. Fọláhànmí ju ṣíbí sínú òróró gbígbóná. Kí a tó débẹ̀, Akíntóyè ti ń jáde, ìkó méjì wà lórí fìlà rẹ̀, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí agbádá. Gbogbo ìkó yẹn ló tu. Ó ṣa èyí tó tọ́ jù, ó fi ìyókù sílẹ̀ lórí ẹní.

"Fọlá, má bínú," ló wí. "Á hù padà. Ṣebí ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀."

Bí mo bá ní agbára ọjọ́ yẹn ni, ẹran kọ́ ni ǹ bá din. Fọláhànmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò, ó na ọwọ́ wọlé, Àbẹ̀kẹ́ sì rápálá sá fún un lọ sí igun. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Lọ́jọ́ yẹn, Akíntóyè fi ọwọ́ òsì kí gbogbo ilé bàbá rẹ̀. Àtàǹpàkò náà wú, wọ́n fi àkísà dì í, kò ṣeé nà sí èèyàn. Bó bá ti na tòsì, ẹni tó wá kí i á fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, á wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ń sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn ló há òun lọ́wọ́. Ní ti ìkó, kò sẹ́ni tó rí i. Lábẹ́ kánópì yẹn, fìlà tó ní ìkó pọ̀ ju àga lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, ayafọ́tò ní, "Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí fìlà yẹn, ó ń bo ojú ìyàwó yín." Ó sì ṣí i. Fọ́tò náà wà lára ògiri rẹ̀ dòní, orí rẹ̀ pá, wọ́n fi àkísà wé ọwọ́ rẹ̀.

A gbé Àbẹ̀kẹ́ padà s'Ákùúrẹ́. Kò gun apá mọ́, kò sọ "Ẹ pẹ̀lẹ́" mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara rẹ̀ tu ìyẹ́ àyà rẹ̀, títí ara rẹ̀ fi hàn bí ti adìyẹ tí wọ́n ti rì bọ omi gbígbóná. Èmi tí n kò fẹ́ràn ẹyẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀pà. Kò gbà á lọ́wọ́ mi. Fọláhànmí á jókòó tì í láràárọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, á máa bá a sọ̀rọ̀, ẹyẹ á kọjú sí ògiri.

Nígbà ọyẹ́, Májẹ̀óbàjẹ́ wá kí wa. Ó wọlé pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Fọláhànmí kúnlẹ̀ pátápátá, eékún méjèèjì kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Olóyè." Ó gbé omi fún un, ó ní, "Ẹ mu omi, Olóyè." Inú ọkùnrin náà dùn, ó ń gbọn agbádá. Ó wá rí Àbẹ̀kẹ́, ó yọ ṣùtì.

"Kí lò ń fi èyí ṣe nínú ilé? Kò bójú mu mọ́. Èmi fúnra mi máa sìn ọ́ lọ yan òmíràn, èyí tó dára."

Fọláhànmí ní, "Ẹ ṣeun, Olóyè. Mo ti yan ẹyẹ tèmi. Ẹ̀gbọ́n ni wọn ò ní kí n yàn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó wo ojú mi, n kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ti àbúrò rẹ̀ tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé e bí obìnrin náà ṣe ń pè é láti ìgbà tó ti wọlé. Ó gbé ife sílẹ̀.

"Fọlá," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, "ṣé n kì í ṣe bọ̀ọ̀dá rẹ mọ́ ni?"

"Oyè lẹ ní ẹ fẹ́," ni Fọláhànmí dáhùn, ó sì dìde lọ pa ẹ̀pà.