Ìlà Àwọ̀ Létí Ìwé Ìdìbò

Kí n tó dé ilé ìtẹ̀wé, ẹyìn ni mo máa ń ṣà ní oko ọ̀pẹ ńlá kan ní Pobẹ̀. Wọ́n á da ẹyìn sílẹ̀ níwájú àwa obìnrin, a ó sì máa ya èyí tó pọ́n kúrò lára èyí tó kù díẹ̀ kó pọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní pupa ni gbogbo wọn. Ojú tí mo fi ń mọ̀ ọ́n yìí ló mú kí ọ̀gá mi ní Ṣakẹ́tẹ́ gbà mí síṣẹ́. Mùsùlùmí ni, ọmọ oníṣòwò, ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń pa dà sílé. Òmìnira wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ nígbà náà.

Ìlà àwọ̀ ni iṣẹ́ tí Ọ̀gá fi lé mi lọ́wọ́. Bí a bá fẹ́ tẹ ìwé aláwọ̀, a máa kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan wò. Àtẹ̀wò là ń pè é. Létí àtẹ̀wò yìí, níbi tí a máa gé dànù, ni mo máa ń to igi pẹlẹbẹ kéékèèké sí: ọ̀kan fún ìyeyè, ọ̀kan fún aró, ọ̀kan fún dúdú, àti ibì kan tí ìyeyè àti aró ti máa gun ara wọn, kí wọ́n di àwọ̀ ewé. Ohun tó wà láàárín ìwé lè tan ojú jẹ, ṣùgbọ́n bí tàdáwà kan bá pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, ibi ìlà yẹn la ó ti rí i.

Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ dìbò, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù eérú wá láti bíró ìjọba. Ṣẹ́fù là ń pè é, ìyẹn ọ̀gá lédè òyìnbó. Ó ní kí a tẹ ìwé ìdìbò oríṣi méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀wé, nítorí náà àwọ̀ ni wọn yóò fi dá a mọ̀: aró jẹ́ ti àwọn tó wà lórí àga, àwọ̀ ewé jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀.

Àtẹ̀wò àkọ́kọ́ dára. Ṣẹ́fù gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó títí.

"Ẹ dín ìyeyè kù," ó ní.

A dín in kù. Ó tún ní kí a dín in kù sí i. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyeyè orí ìlà ti di bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Mo fi ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n dà bí ìbejì.

"Ẹ forí jì mí, Ṣẹ́fù," mo ní, "èyí ti kúrò ní àwọ̀ ewé. Ẹ wo ìlà yìí."

Kò wo ìlà náà. Èmi ló ń wò. "Ta ni eléyìí?" ó bi Ọ̀gá.

"Ọmọ mi ni," Ọ̀gá dáhùn. Èmi kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

"Ojú ọmọ yín mú o. Níbo ni wọ́n ti bí i?"

Èmi ni mo ní Pobẹ̀ ni.

"Mo mọ Pobẹ̀ dáadáa." Ó mú àlùmọ́gàjí lórí tábìlì, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gé ìlà àwọ̀ náà kúrò, ó fi í sápò. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí. Mi ò fẹ́ rí ìlà kankan létí rẹ̀ mọ́."

Láti ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ dúdú kan ti ń dúró ní òdìkejì ilé wa. Ọkùnrin méjì wà nínú rẹ̀, wọn kì í sọ̀ kalẹ̀, kódà nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí. Àwọn oníbàárà wa kò yà mọ́. Ìyàwó Ọ̀gá ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé oúnjẹ wá.

"Ọ̀gá, ṣé a máa tẹ̀ ẹ́?"

"Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo ní," ó ní. "Tẹ̀ ẹ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà. Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì.

Ṣùgbọ́n mo ti ká ẹyọ kan lára oríṣi ìwé kọ̀ọ̀kan sínú ìró mi. Ní Sátidé mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi lábúlé rẹ̀ lẹ́yìn Towé. Bàbá, bí mo ṣe máa ń pè é, gbé ìwé méjèèjì sóòrùn. Ó já ewé gbágùúdá kan, ó gbé e lé wọn.

"Èyí tó sún mọ́ ewé díẹ̀ yìí ni tiwa?"

"Òun ni, Bàbá. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́."

"Máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Lọ́jọ́ ìdìbò, gbogbo abúlé náà jáde. Ewé gbágùúdá wà nínú fìlà àwọn ọkùnrin, ó wà ní ìdí ìró àwọn obìnrin. Wọ́n ń gbé ewé lé ìwé wò, abúlé yẹn sì mú tiwọn. Níbi yòókù, ẹgbẹ́ àwọn tó wà lórí àga ló wọlé.

Ọjọ́ kẹta ni jandáàmù, àwọn ọlọ́pàá ìjọba, wá gbé Bàbá. Wọ́n ní kó sọ ẹni tó kọ́ ọ ní ọgbọ́n ewé.

Ṣakẹ́tẹ́ ni mo ti gbọ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀ lójú títì, ẹsẹ̀ mi á dúró lórí ẹ̀rọ. Mo di aṣọ mélòó kan sínú igbá, mo gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí n má bàa lọ níhòòhò tí wọ́n bá dé. Wọn kò dé. Ṣẹ́fù nìkan ló yà lọ́jọ́ kan.

"Ọmọ Pobẹ̀, ojú rẹ ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí, Ṣẹ́fù. Mi ò ríran dáadáa mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ló dáa."

Oṣù mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó dá Bàbá sílẹ̀. Ó ti rù kan eegun, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì lè di ọkọ́ mú mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo bú sẹ́kún.

"Bàbá, èmi ni mo kó yín sí i."

"Ta ló bi ọ́?" ó ní. "Wọ́n bi mí títí ó fi sú wọn. Mo ní inú oko ni mo ti kọ́ ọ. Ṣé irọ́ ni?"

Lọ́dún náà, gbogbo Sátidé ni mo ń rìn lọ bá a ro oko iṣu. Á jókòó sórí ebè, á máa na ọwọ́ òsì sí koríko tí mo bá fò.